Wọ́n fún yín ní máàkì tí kò tọ́ sí yín nínú appraisal? Bí ẹ ṣe máa fèsì rèé

Oṣù keje ọdún 2023, mo jókòó síwájú ọ̀gá mi ní bánkì kan tí mi ò ní dárúkọ, AC ń fẹ́ sí mi lórí, mo ṣì ń làágùn. Méjì nínú márùn-ún ni wọ́n fún mi nínú appraisal, ìyẹn ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ń díwọ̀n iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n ní mi ò mú dẹpósíìtì wá tó, wọ́n tún ní ìwà mi sí iṣẹ́ ò dáa. Ẹ̀yin náà ẹ rántí oṣù kejì ọdún yẹn, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà, tí àwọn èèyàn ń sùn síwájú ATM, tí wọ́n ń ba bánkì jẹ́ láwọn ibì kan, èmi tó jẹ́ márkẹ́tà, ẹnu géètì ni wọ́n gbé mi sí kí n máa pín nọ́ńbà fún èrò, ta wá ni mo fẹ́ lọ bá pé kó wá kówó sí bánkì nígbà tí ẹni tó ti kó tiẹ̀ síbẹ̀ ò rí i gbà?

Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo jókòó ti laptop, mo kọ ojú ewé mẹ́ta. Mo bú ọ̀gá yẹn lọ́nà ọmọlúàbí, mo mẹ́nu ba àwọn tó ń gbé ẹ̀bùn wá fún wọn lọ́dún Kérésì, mo tiẹ̀ kọ gbólóhùn kan nípa Ọlọ́run tó ń wo gbogbo wa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run náà pé NEPA mú iná, dátà mi sì tán, kò ṣeé fi ránṣẹ́.

Àǹtí kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ HR (ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́) ni mo kà á fún láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Ta lo ń kọ ọ́ sí?" Mo ní ọ̀gá mi ni. Wọ́n ní, "Irọ́ ni. Ọ̀gá ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń rò nípa ẹ. Ẹni tí ò mọ̀ ẹ́ rí, tó máa ṣí fáìlì ẹ lọ́dún méjì sí i, òun lo ń kọ ọ́ sí." Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí dúró lé, torí náà bí ẹ bá gbàgbé ìyókù, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

1. Ọjọ́ tí wọ́n bá fún yín, ẹ má jà, ẹ má sì bẹ̀

Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn jà. Ti ẹ̀bẹ̀ ni àwa Yorùbá ò mọ̀. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé tí àgbà bá ń bínú, ká kúnlẹ̀, ká ní "ẹ má bínú mà, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́", kódà tá ò mọ ohun tá a ṣe. Nílé, ó dáa. Ní yàrá appraisal, "mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́" túmọ̀ sí pé ẹ ṣe é, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ gbà. Ẹ má sì rán pásítọ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n tó bá ọ̀gá yín ṣe school lọ bá wọn bẹ̀bẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó ṣe é, ọ̀gá wọn gbọ́ ẹ̀bẹ̀ o, ṣùgbọ́n máàkì tó wà nínú ìwé ò yí padà, ẹni náà ò sì lè rojọ́ mọ́, torí wọ́n á ní ṣebí a ti parí ẹ̀.

Gbólóhùn kan ti tó: "Ẹ ṣeun mà, màá lọ kà á dáadáa, màá sì padà wá bá yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí." Ẹ dìde.

Tí wọ́n bá ní ẹ gbọ́dọ̀ buwọ́lù ú lójú ẹsẹ̀ ńkọ́? Lọ́pọ̀ fọ́ọ̀mù, ibuwọ́lù yín kàn ń sọ pé ẹ ti rí i ni, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ lókè ibẹ̀. Tí kò bá yé yín, ẹ fi biro yín kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibuwọ́lù náà pé ẹ ti rí i, ẹ ti kà á, èsì yín ń bọ̀, kí ẹ kọ déètì sí i. Kíkọ̀ jálẹ̀ pé ẹ ò ní buwọ́lù ò ṣe yín láǹfààní kankan, ńṣe ni wọ́n á kọ "ó kọ̀ láti buwọ́lù", wọ́n á sì rí nǹkan fi ti ọ̀rọ̀ "ìwà" lẹ́yìn. Àwọn tó ń lo pọ́tàlì, ẹ tètè wo déètì tí wọ́n máa tì í pa. Pọ́tàlì míì wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá dákẹ́ títí ọjọ́ yẹn fi kọjá, ó ti gbà fún yín nìyẹn.

Ẹ má gbé e sórí status o. Kódà òwe tẹ́ ẹ fi ń sọ̀kò ọ̀rọ̀, àwọn ará ọ́fíìsì mọ ẹni tẹ́ ẹ ń bá wí.

2. Ẹ ka ìwé náà bíi pé ti ẹlòmíì ni

Ẹ sùn lé e lálẹ́ kan, kí ẹ tó mú pẹ́ńsù. Ohun mẹ́ta ni ẹ ń wá nínú ẹ̀, wọn ò sì dọ́gba.

Nọ́ńbà tàbí déètì tó ṣì. Èyí ni wúrà. Tí wọ́n bá kọ pé ẹ pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mejìlá, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka ń sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni, kò sí ẹni tó máa bá yín jiyàn. Nínú tèmi, account ilé-iṣẹ́ kan tí mo ṣí ní March, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n so ó mọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún lọ bẹ́ẹ̀, èmi náà ò sì mọ̀ títí mo fi jókòó kà á.

Ọ̀rọ̀ tí kò ní àpẹẹrẹ. "Ìwà ẹ̀ ò dáa", "kì í fọwọ́ sowọ́ pọ̀", "kì í ṣe tiwa-n-tiwa". Ẹ má gbìyànjú láti fi ẹ̀rí hàn pé ìwà yín dáa, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni kí ẹ béèrè ọjọ́ àti ìṣẹ̀lẹ̀: ìgbà wo ni, kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni bá mi sọ ọ́ nígbà yẹn? Tí wọ́n bá ní àpẹẹrẹ, ẹ ó gbọ́. Tí wọn ò bá ní, ìyẹn gan-an ti di ara fáìlì.

Ohun tí wọn ò kọ rárá. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìrẹ́jẹ máa ń sá pa mọ́ sí. Ọ̀gá kì í sábà rántí ju oṣù méjì tó kẹ́yìn lọ, ohun tẹ́ ẹ ṣe ní January ti lọ. Tàbí kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́ yín láàárín ọdún kí wọ́n má pààrọ̀ táàgẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ gbọ́ tiyín: òfin iṣẹ́ ilẹ̀ yìí fún obìnrin tó bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú, mẹ́fà lẹ́yìn, ibi iṣẹ́ míì sì ń fún wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ ó rí i pé táàgẹ́ẹ̀tì oṣù méjìlá ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹni tó lo oṣù mẹ́sàn-án lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ jáde, ẹ ní kí wọ́n ṣírò ẹ̀ sí iye oṣù tẹ́ ẹ lò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá fi òótọ́ inú wo ohun tí wọ́n kọ tó jẹ́ òótọ́. Ó máa ń wà níbẹ̀. Sáwọn account tuntun, ọgọ́ta ni wọ́n ní kí n ṣí, mẹ́rìnlélógójì ni mo ṣí, kò sí àlàyé kankan tó lè sọ ọ́ di ọgọ́ta. Ó dùn mí, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan bá yín kà á, kó má jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ní ọ́fíìsì. Ọ̀rẹ́ á ní "wọ́n kórìíra ẹ ni jàre", ìyẹn ò ṣeé kọ sínú lẹ́tà.

3. Ẹ kó ẹ̀rí jọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun tẹ́ ẹ ń kó

Ẹ wá táàgẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún yín níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ímeèlì tí wọ́n fi gbóríyìn fún yín, rípọ́ọ̀tù oṣooṣù, appraisal tó ṣáájú. Ẹ wá handbook ilé-iṣẹ́ yín (ìwé ìlànà òṣìṣẹ́), ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa appraisal, torí ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ bá yín sọ̀rọ̀ láàárín ọdún kí wọ́n tó fún yín ní máàkì tó kéré, tí wọn ò sì ṣe é.

Lọ́dọ̀ wa, WhatsApp ni ọ̀gá fi ń rán èèyàn níṣẹ́, voice note ló pọ̀ jù. Ẹ screenshot rẹ̀ kó hàn pẹ̀lú déètì, ẹ kọ ohun tí voice note náà sọ sílẹ̀, torí tí fóònù bá bọ́ sínú omi, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Ẹ̀rí mi tó lágbára jù, message WhatsApp ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré ni: "Láti òní lọ, géètì ni kóo wà, marketing lè dúró."

Ọ̀fìn tó wà níbẹ̀ rèé. Ẹ má fi orúkọ kọ́sítọ́mà, nọ́ńbà account wọn tàbí àkọsílẹ̀ aláìsàn ránṣẹ́ sí Gmail yín. Láti ọdún 2023 la ti ní òfin tó ń dáàbò bo dátà àwọn èèyàn ní Nàìjíríà, àwọn ilé-iṣẹ́ ò sì fi ṣeré. Èèyàn tó ń jà fún máàkì á wá fi ọwọ́ ara ẹ̀ fún wọn ní ìdí tí wọ́n á fi lé e lọ. Nọ́ńbà rípọ́ọ̀tù àti déètì rẹ̀ ni kí ẹ kọ sínú lẹ́tà, HR lè lọ ṣí i fúnra wọn. Òfin yẹn kan náà fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ ń tọ́jú nípa ẹ̀yin alára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK, tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ care tàbí NHS, ẹ̀tọ́ yẹn wà fún yín níbẹ̀, oṣù kan ni wọ́n sábà ní láti fi dá yín lóhùn, Acas náà sì wà tó ń gba òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

4. Ẹ lọ bá ọ̀gá náà kí ẹ tó kọ̀wé

Àwọn kan máa ń fo èyí, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ HR lọ tààrà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, HR máa bi yín pé ṣé ẹ ti bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀. Ìkejì, ó lè má jẹ́ ọ̀gá yín ló ṣe é! Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ti pín máàkì kalẹ̀ kó tó dé bíráǹṣì, wọ́n á ní èèyàn báyìí péré ló lè gba márùn-ún, èèyàn báyìí gbọ́dọ̀ gba méjì. Ọ̀gá lè ti fún yín ní mẹ́ta kí kọmítì òkè gé e. Tẹ́ ẹ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn, ẹlẹ́rìí yín lẹ ń bú yẹn.

Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kó yé mi ni, iye yìí, inú rípọ́ọ̀tù wo la ti mú un?" "Ṣé máàkì tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ náà ló jáde yìí, àbí wọ́n yí i padà lókè?" "Kí lẹ bá fẹ́ kí n ti ṣe kó lè jẹ́ mẹ́ta?" Béèyàn bá ti béèrè, kó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń nira fún wa, a máa ń fẹ́ fi "àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ mà" kún un, ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Ìbọ̀wọ̀ ò dí ìbéèrè lọ́wọ́, ẹ lè fi "mà" àti "sà" sí gbogbo gbólóhùn kí ọ̀rọ̀ náà ṣì dúró gbọin. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù tó bà lé ẹpọ̀n.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ẹ fi ímeèlì kékeré ránṣẹ́, ẹ dúpẹ́ fún ìpàdé, ẹ kọ ohun méjì mẹ́ta tẹ́ ẹ jọ sọ, ẹ ní tí ibì kan bá wà tí ẹ ò gbọ́ dáadáa, kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un ṣe. Bí wọn ò bá fèsì, ó ti wà lákọsílẹ̀.

5. Lẹ́tà náà gan-an

Kó má ju ojú ewé kan lọ. Òyìnbó lẹ máa fi kọ ọ́, torí òun ni ọ́fíìsì ń kà, ṣùgbọ́n bí tèmi ṣe tò nìyí tí mo bá sọ ọ́ lédè wa:

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo dúpẹ́ fún ìpàdé wa ti 18 July. Mo ti ka appraisal mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n fi èsì yìí kún un.*

*Lórí dẹpósíìtì: mílíọ̀nù 41 ló wà nínú appraisal. Rípọ́ọ̀tù bíráǹṣì ti 30 June fi hàn pé mílíọ̀nù 58 ni, tá a bá ka account kan tí mo ṣí ní March tí wọ́n so mọ́ orúkọ ẹlòmíì. Fọ́ọ̀mù tí mo fi ṣí i wà lọ́wọ́ operations.*

*Láti 6 February sí 10 March, géètì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe nínú message ti 6 February. Wọn ò yí táàgẹ́ẹ̀tì mi padà fún àkókò yẹn.*

*Lórí ìwà: mo béèrè àpẹẹrẹ ní ìpàdé wa kí n lè tún un ṣe. Títí di òní mi ò tíì rí kankan gbà.*

*Lórí account tuntun: 44 ni mo ṣí nínú 60. Mo gba èyí. Mo ti to orúkọ ọjà àti school tí màá lọ ní oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀.*

*Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún nọ́ńbà dẹpósíìtì ṣe, kí wọ́n sì tún máàkì náà gbé yẹ̀ wò. Mo wà ní sẹpẹ́ fún ìpàdé nígbàkigbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.*

Ẹ wò ó, kò sí "ìrẹ́jẹ" níbẹ̀, kò sí "ó dùn mí", kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni tó gba máàkì jù mí lọ. Ẹ má fi ara yín wé ẹlòmíì nínú lẹ́tà láé, kíá ni ọ̀rọ̀ á kúrò lórí iṣẹ́ yín tá á di ìlara. Ibi tí mo ti gbà pé mo kùnà, òun ló jẹ́ kí àjèjì tó ń ka lẹ́tà náà gba ìyókù gbọ́. Àǹtí yẹn ní nínú gbogbo èsì appraisal tó ti kọjá lọ́wọ́ àwọn, ìwọ̀nba ló gba ẹ̀bi kankan, ìwọ̀nba yẹn ló sì máa ń ká àwọn lára.

Ẹ̀yin ará sẹ́kítéríà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, APER tàbí PMS tuntun yẹn tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ yín, ọ̀nà kan náà ni, àfi pé lẹ́tà yín gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ọ̀gá yín kọjá, ẹ ò lè fò wọ́n. Ẹ kọ u.f.s. (under flying seal, àmì pé ó gba ọwọ́ ọ̀gá kọjá) sí i bó ṣe yẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ "received" sórí ẹ̀dà tiyín. Ẹ̀dà tí kò lóǹtẹ̀, bébà lásán ni.

6. Tí wọn ò bá yí i padà

Ẹ lọ bá HR nígbà yẹn, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ló ń sanwó HR o, wọn kì í ṣe lọ́yà yín, àmọ́ a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, HR tó mọṣẹ́ ò sì fẹ́ kó wà nínú fáìlì pé ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo làwọn gbọ́.

Tí wọ́n bá gbé yín sórí PIP (ètò tí wọ́n fi ń fún òṣìṣẹ́ ní àkókò láti tún iṣẹ́ ẹ̀ ṣe), ẹ má rò pé ayé ti parí, ẹ má sì rò pé eré ni. Ẹ béèrè nọ́ńbà: kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe, títí ọjọ́ wo, ta ló máa wò ó, báwo ni wọ́n ṣe máa díwọ̀n ẹ̀. "Kí ó túra ká sí i" kì í ṣe táàgẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ sì rọra bẹ̀rẹ̀ sí í tún CV yín ṣe, mo ń sọ tòótọ́ fún yín ni, mi ò ní tan yín.

Tó bá di ọ̀rọ̀ òfin, Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ti ṣètò notice, ìyẹn ìkìlọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín kí iṣẹ́ tó parí: ọjọ́ 1 fún ẹni tí kò tíì lò ju oṣù 3 lọ, ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 5, oṣù 1 fún ẹni tó ti lo ọdún 5 sókè. Àmọ́ òfin yẹn yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alábòójútó àti iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé sẹ́yìn, nítorí náà kọ́ńtíráàtì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. National Industrial Court ló ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, wọ́n wà l'Ékòó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó torí máàkì méjì gbé ilé-iṣẹ́ lọ kóòtù, owó lọ́yà á ju bónọ́ọ̀sì lọ. Tó bá jẹ́ pé máàkì yẹn ni wọ́n fi lé yín lọ, tàbí pé oyún tàbí ẹ̀yà tẹ́ ẹ ti wá ló fà á, ẹ lọ rí lọ́yà, kí ẹ gbé fáìlì yín dání.

Èmi wá ńkọ́? Wọ́n tún nọ́ńbà dẹpósíìtì ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Máàkì dúró sí méjì, wọ́n ní kọmítì ti tì í pa, mi ò gba bónọ́ọ̀sì ọdún yẹn, inú bí mi títí dé December. Ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n gbé ọ̀gá mi lọ Àbújá, ọ̀gá tuntun dé, ó ń ka fáìlì gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pè mí wọlé ní Thursday kan, lẹ́tà yẹn wà níwájú ẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní, "Àwọn ọjà àti school tí o tò síbí, mélòó lo ti lọ?"

Mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìnlá ni. Mo fà á yọ nínú ìwé kékeré tí mo fi ń kọ iṣẹ́ mi sílẹ̀ ní gbogbo Friday látìgbà yẹn, ìlà mẹ́ta mẹ́ta: ohun tí mo ṣe, ẹni tó rán mi, iye tó wọlé.